Alùpùpù Nígbà Ọyẹ́: Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Òkè Adó-Àwáyè

Kò sí òkè ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹni tó bá ń gbé ní Orélopé, Àkówọ̀njọ, Ṣáṣà tàbí Gowon Estate, tó sì fẹ́ kí máṣíìnì rẹ̀ gòkè díẹ̀, àfi kó lọ gba orí afárá Dọ̀pẹ̀mú tàbí ti Abúlé-Ẹ̀gbá. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ alùpùpù gùn kò wọ́n ní Àlímọ̀ṣọ́: ẹni tó ń fi í gbé oúnjẹ kiri fún oníbàárà, ọlọ́kadà tó ń ná Ìdímù sí Ìkòtún, ọ̀dọ́ tó ra máṣíìnì ńlá nítorí pé ìró rẹ̀ dùn mọ́ ọn létí. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò tíì dán wò ni kí ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà kó ara wọn jọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nígbà ọyẹ́, kí wọ́n kọrí sí ibi tí àpáta ti ń yọrí láàárín igbó.

Adó-Àwáyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni orí ìwé yìí yàn fún ẹni tó ń lọ ìgbà àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá gba Abẹ́òkúta, Ìgbò-Ọrà, Èrúwà àti Láńlátẹ̀, àlọ náà jẹ́ nǹkan bíi 180 kìlómítà. Ọjọ́ méjì tó o: Sátidé fún àlọ àti òkè gígùn, Sọ́ńdè fún àbọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ló sì ń pinnu bóyá ìrìn náà yóò dùn tàbí yóò di wàhálà. Nínú oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, nǹkan bí aago méje òwúrọ̀ ni oòrùn ń yọ ní apá ibí, kó tó di aago méje alẹ́ ó ti wọ̀. Kò pé wákàtí méjìlá. Inú rẹ̀ ni gbogbo ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ wọ̀.

OORE ỌYẸ́ ÀTI EWU RẸ̀

Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta ni atẹ́gùn gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí yóò gbé eruku láti ibi bíi àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tí yóò sì dà á sórí wa. Oore tó ń ṣe fún alùpùpù ni pé òjò ti dáwọ́ dúró. Ọ̀nà oko tó jẹ́ ẹrẹ̀ dé orúnkún nínú oṣù Keje ti gbẹ, ó ti le, odò kéékèèké tó máa ń gé ọ̀nà ti fà.

Ewu rẹ̀ ni pé ojú kì í ríran jìnnà. Àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, ń ka eruku sí èyí tó nípọn nígbà tí ojú kò bá lè ríran kọjá 1,000 mítà, wọ́n sì máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Kí ẹgbẹ́ wo ìkéde náà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti ní alẹ́ Ẹtì. Alùpùpù tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí eruku tàbí kùrukùru bá jẹ́ kí ojú mọ ní 100 mítà péré, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ààbọ̀ ni awakọ̀ ní kó tó kan ohun tó wà níwájú, ìbáà jẹ́ màlúù, ìbáà jẹ́ tírélà tó bàjẹ́ sójú títì láìtan iná. Ìgbà yìí náà sì ni àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ń dáná sungbó. Èéfín lè bo ọ̀nà lójijì ní ọ̀sán gangan.

Òtútù ọyẹ́ kò tó ti òkè òkun, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fojú di í. Ní Ìsẹ́yìn, ìgbóná òwúrọ̀ lè já sí 18 tàbí 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì, kó sì tó ọ̀sán yóò ti kọjá 30. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu ẹni tó wà lórí máṣíìnì ń mú òtútù òwúrọ̀ yẹn le sí i. Ìka á gan, á sì lọ́ra láti fa kílọ́ọ̀ṣì tàbí bíréèkì. Ẹni tó bá jẹ́ SS, tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó dá sí irú ìrìn báyìí, nítorí òtútù àti àìmu omi tó wà lára ohun tó ń dá ìrora sílẹ̀ fún wọn. Kí alásímà fi ìfàsímú rẹ̀ sí àpò àyà, kó má fi í sí ìsàlẹ̀ ẹrù.

ÒKÈ WO NI KÍ WỌ́N LỌ?

Ẹni tí kò tíì gbé alùpùpù kúrò ní Èkó rí, kó kọ́kọ́ lọ sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, kó lọ láàárọ̀, kó padà ní ọ̀sán. Ọ̀nà náà kò pé 80 kìlómítà láti Ẹ̀gbẹ́dá, yóò sì fi hàn bóyá ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti máṣíìnì rẹ̀ lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adó-Àwáyè ni ti òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta, bíi ìgbà tí ìsinmi Kérésì tàbí ọdún tuntun bá fi ọjọ́ kún un, lè lọ sí apá Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì: ìṣàn omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó ń já bọ́ ní ìpele méje, ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ tó gba àárín òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, àti Ìkògòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ìdànrè lẹ́bàá Àkúrẹ́, tí Nàìjíríà fi sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà kún ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2007, jìnnà jù fún ọjọ́ méjì, àfi fún ẹni tó bá fẹ́ lo gbogbo àkókò rẹ̀ lójú ọ̀nà.

ÌWÉ ÀTI ÒFIN

Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 ti ojú títì 475 mọ́ ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 200cc, òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta sì wà lára wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba tún fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì fi mẹ́rin mìíràn kún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Àlímọ̀ṣọ́ kò sí nínú mẹ́wàá yẹn, ṣùgbọ́n Ìkẹjà àti Oṣòdì-Ìsọlọ̀ tó múlé gbè é wà níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ tó ń bọ̀ láti Ìkẹjà láti wá bá àwọn tó kù ní Ẹ̀gbẹ́dá gbọ́dọ̀ mọ irú máṣíìnì tó gbé dání.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ tí máṣíìnì kékeré wà nínú rẹ̀ gba ọ̀nà Ìpájà sí Àyọ̀bọ̀, kí wọ́n gba Ìtẹ̀lé jáde sí Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀nà náà kò tẹ́jú, àmọ́ ó gbà wọ́n lọ́wọ́ òpópónà, ó sì gbà wọ́n lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Abúlé-Ẹ̀gbá.

Kí olúkúlùkù ní láìsẹ́ǹsì tó ní àmì A, ìyẹn ti alùpùpù, pẹ̀lú ìwé máṣíìnì, íńṣọ́ránsì àti nọ́ńbà tó hàn kedere. Kí wọ́n ya àwòrán gbogbo ìwé sí fóònù, kí wọ́n sì fi èyí tó jẹ́ ojúlówó sínú ọ̀rá kí eruku àti òógùn má bà á jẹ́.

MÁṢÍÌNÌ

Àwọn èèyàn máa ń rò pé àfi ẹni tó bá ní máṣíìnì ńlá olówó gọbọi ló lè lọ sí òkè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ebaide Udoh, ọmọ Nàìjíríà, gun alùpùpù 250cc wọ Èkó, láti Mombasa ní Kẹ́ńyà ló sì ti gbéra, òun nìkan. Fún Adó-Àwáyè, Bajaj Boxer 150 tí gbogbo mekáníìkì mọ̀ ún tú mọ̀ ún tò ti tó. Ẹni tó bá ní irú Qlink X-Ranger 200, tó ga nílẹ̀ díẹ̀ tí táyà rẹ̀ sì lè jẹ ilẹ̀ dáadáa, yóò rí ìrọ̀rùn lójú ọ̀nà yangí. Ohun tó ṣe pàtàkì ju agbára lọ ni pé kí ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Èrúwà bó ṣe wà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Máṣíìnì àjèjì tí túùbù rẹ̀ kò sí lọ́jà Ìsẹ́yìn lè sọ ìrìn ọjọ́ méjì di ti ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n gbé gbogbo máṣíìnì lọ sọ́dọ̀ mekáníìkì, kì í ṣe ní alẹ́ Ẹtì tó ku wákàtí díẹ̀. Ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò nìyí:

– Táyà: eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì jìn, kó má sì sán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí ìwé máṣíìnì kọ mu, pàápàá tí ẹrù bá wà lẹ́yìn.
– Ṣéènì: kó má le gan-an, kó má sì dẹ̀ jù. Bí a bá fi ìka tì í láàárín, kó lè gbé sókè sódò ní nǹkan bí ìbú ìka méjì.
– Bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn: kí wọ́n pààrọ̀ bàtà bíréèkì tó ti jẹ tán. Òkè sísọ̀ kò gba àwáwí.
– Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n rọ tuntun.
– Àsẹ́ afẹ́fẹ́: eruku ọyẹ́ kì í pẹ́ dí i. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á bó bá jẹ́ ti fóòmù.
– Iná iwájú, iná ẹ̀yìn àti fèrè.

Táńkì Boxer 150 ń gba nǹkan bíi lítà 11. Bó bá ń jẹ lítà kan fún kìlómítà 35, ìyẹn á gbé e ré kọjá 350 kìlómítà, ṣùgbọ́n ẹrù àti òkè máa ń jẹ epo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n kún táńkì ní Ẹ̀gbẹ́dá, kí wọ́n tún un kún ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n sì tún un kún ní Ìsẹ́yìn kó tó di pé wọ́n sùn. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lè ní omi tàbí ìdọ̀tí nínú. Kábúrétọ̀ ló máa san gbèsè rẹ̀.

AṢỌ ÀTI ẸRÙ

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto, àwọn kan fi igbá gbígbẹ borí, àwọn mìíràn fi ìkòkò tàbí ike ọ̀dà. Àwòrán wọn káàkiri àgbáyé, gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Akoto tó dáa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń tọ́ka sí fi hàn pé ó ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Akoto tó bo gbogbo ojú ló yẹ nígbà ọyẹ́, nítorí eruku. Kí wọ́n wá àmì E tó wà nínú òbìrí, tàbí DOT, lára rẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé okùn àgbọ̀n ń dè dáadáa. Awò dúdú kò wúlò nínú eruku. Èyí tó mọ́ gaara ni kí wọ́n lò.

Aṣọ ìpele-ìpele ló bá ojú ọjọ́ yìí mu. Síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn lé e, jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn lókè pátápátá. Bó bá di aago mẹ́wàá tí oòrùn ń ta, wọ́n á bọ́ ti àárín. Ṣòkòtò jíǹsì, ibọ̀wọ́ tó bo gbogbo ìka, bàtà tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí sálúbàtà nínú ìrìn yìí. Òrí tó mọ́ nínú agolo kékeré yóò gba ètè, imú àti ẹ̀yìn ọwọ́ lọ́wọ́ ọyẹ́. Ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ọjà kún fún un.

Àpò kan ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n so ó pinpin mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ti ẹgbẹ́ ni ìyókù, kí ẹni tó ń kó ẹ̀yìn bọ̀ sì gbé e: túùbù iwájú kan, túùbù ẹ̀yìn kan, àlẹ̀mọ́ àti gọ́ọ̀mù, páǹpù ọwọ́, sípánà, púlọ́ọ̀gì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì, fíúsì, ìdè ṣéènì, tọ́ọ̀ṣì, àti àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́. Kí ẹnì kan ó kéré tán mọ bí wọ́n ṣe ń tú táyà, nítorí pé láàárín Láńlátẹ̀ àti Adó-Àwáyè, ibi tí fọganáísà wà lè jìnnà.

BÍ ẸGBẸ́ ṢE Ń RÌN

Máṣíìnì mẹ́rin sí mẹ́fà ló dáa jù. Tí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pín sí méjì.

Ẹni tó mọ̀nà ló ń ṣíwájú. Ẹni tó ní sùúrù tó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ ló ń kó ẹ̀yìn bọ̀. Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ kéré jù, tàbí tí kò tíì mọ ọ̀n gùn tó bẹ́ẹ̀, ló ń tẹ̀ lé aṣíwájú gan-an, eré tirẹ̀ sì ni eré gbogbo ẹgbẹ́. Lórí ọ̀dà, 60 sí 70 kìlómítà ní wákàtí ti tó. Wọn kì í tò tẹ̀lé ara wọn ní ìlà kan: ọ̀kan á wà ní apá òsì ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, èkejì ní apá ọ̀tún lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kẹta ní òsì, kí olúkúlùkù lè rí iwájú. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni kó wà láàárín ẹnì kan àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀nà eléruku, kí wọ́n jìnnà síra títí eruku ẹni iwájú yóò fi rọlẹ̀ díẹ̀.

Ní gbogbo ìkóríta, ẹni kejì á dúró síbẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé, á sì nawọ́ sí ibi tí wọ́n gbà. Báyìí, ẹnikẹ́ni kò ní ṣìnà nítorí pé fóònù kò rí nẹ́tíwọ̀kì. Kí wọ́n dúró sinmi ní gbogbo wákàtí kan, kí wọ́n mu omi bí òǹgbẹ kò tilẹ̀ gbẹ wọ́n. Atẹ́gùn gbígbẹ ń fa omi ara láìjẹ́ kí òógùn hàn.

Ẹni tó bá ń rò pé 180 kìlómítà kéré jù fún ọjọ́ kan, kó wo ìrìn Kúnlé Adéyanjú, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary tó gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní ọdún 2022 láti kówó jọ fún ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ó lo ọjọ́ 41 lórí ọ̀nà tó lé ní 12,000 kìlómítà. Bí a bá pín in, nǹkan bíi 300 kìlómítà ló ń bọ́ sí ojúmọ́ kan, òun sì ní máṣíìnì ńlá, kò sì ní òkè kankan tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ gùn ní ìrọ̀lẹ́.

SÁTIDÉ: OJÚ Ọ̀NÀ

Aago mẹ́fà ààbọ̀, kí wọ́n ti pé jọ. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí táyà yí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí wọ́n jáde ní aago márùn-ún kí wọ́n lè gba iwájú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Òkùnkùn, kùrukùru àti tírélà tí kò ní iná ẹ̀yìn kì í ṣe ẹgbẹ́ alùpùpù.

Láti Ọ̀tà, níbi tí Honda ti ń to alùpùpù pọ̀ láti ọdún 1981, wọ́n á gba Ìfọ̀ àti Pápálàntò. Kí wọ́n ṣọ́ra gan-an ní àdúgbò Ewékorò: ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1960, tírélà rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró, eruku funfun sì ń kún ti ọyẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má bọ́ sáàárín tírélà méjì. Kí wọ́n má sì ya tírélà sílẹ̀ bí wọn kò bá rí ìparí eruku tó wà níwájú rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni ìdúró gígùn àkọ́kọ́: epo, omi, oúnjẹ. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà ló dáa fún ẹni tó tún ń padà sórí máṣíìnì. Láfún àwọn Ẹ̀gbá pẹ̀lú ewédú dùn, ó sì ń mú oorun wá. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n bá ń wọ bọ́ọ̀sì.

Abẹ́òkúta yìí náà ni ibi ìpinnu. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn kọlu Ìgàngàn ní ilẹ̀ Ìbàràpá ní òru, wọ́n sì pa èèyàn. Ìgàngàn kò sí lójú ọ̀nà tí orí ìwé yìí là sílẹ̀, ṣùgbọ́n agbègbè kan náà ni. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná Ìgbò-Ọrà àti Ìsẹ́yìn ní gáréèjì, kì í ṣe ẹnì kan péré, ẹni méjì tàbí mẹ́ta: báwo ni ọ̀nà lánàá? Kí wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ọlọ́pàá ní ibi àyẹ̀wò. Bí ìdáhùn bá mú iyèméjì wá, kí wọ́n gun Olúmọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì padà sílé. Kí ẹnì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ní àkọsílẹ̀ ọ̀nà wọn àti wákàtí tí wọn yóò pè. Nọ́ńbà pàjáwìrì FRSC ni 122.

Lẹ́yìn Abẹ́òkúta, ọkọ̀ dín, igbó ṣí sílẹ̀. Ìgbò-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, ni ìdúró kékeré tó tẹ̀ lé e. Láti Èrúwà lọ ni àpáta ti ń yọ lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí wọn kò bá ní ìdádúró ńlá, ọwọ́ ọ̀sán, láàárín aago méjìlá sí aago kan, ni wọn yóò rí òkè Adó-Àwáyè níwájú.

YANGÍ, YANRÌN ÀTI GẸ̀RẸ́GẸ̀RẸ́

Ibi tí ọ̀dà bá ti tán, ìgùn á yí padà. Lórí yangí tó le, kí awakọ̀ dìde dúró díẹ̀ lórí ìtẹsẹ̀, kó tẹ orúnkún rẹ̀, kó jẹ́ kí máṣíìnì mì lábẹ́ rẹ̀. Kó má di ọwọ́ máṣíìnì mú bí ẹni ń di ẹran ọdún. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ibi tó fẹ́ lọ, kì í ṣe lára òkúta tó ń bẹ̀rù. Ibi tí ojú bá tẹjú mọ́ ni táyà ń tọ̀.

Yanrìn ló ń gbé àwọn ará Èkó ṣubú jù, torí pé bí wọ́n bá bọ́ sínú rẹ̀, ọwọ́ á kọ́kọ́ fa bíréèkì iwájú. Kí awakọ̀ bọ́ sí gíà kejì kó tó dé ibẹ̀, kó fi ara rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kó máa fún un ní epo níwọ̀nba títí yóò fi jáde. Táyà iwájú á máa ṣe yẹ̀ẹ̀yẹ̀. Kó jẹ́ kó ṣe é.

Bí wọ́n bá ń gòkè, gíà kékeré ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, láìpààrọ̀ rẹ̀ láàárín. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí awakọ̀ fa bíréèkì iwájú, kó fi gíà kìíní há táyà ẹ̀yìn, kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi gíà sí fírì láti fi pa epo mọ́: gíà kejì ló máa ń di máṣíìnì mú, bíréèkì ẹ̀yìn á ràn án lọ́wọ́, iwájú á sì ṣe díẹ̀díẹ̀. Bíréèkì tí wọ́n tẹ̀ láìdáwọ́ dúró láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná, kò sì ní múlẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀ jù.

LÓRÍ ÒKÈ

Máṣíìnì kì í gun òkè Adó-Àwáyè. Ìsàlẹ̀ ni wọn yóò ti gbé e kalẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi gun àtẹ̀gùn 369. Kí wọ́n san owó ìwọlé, kí wọ́n gba amọ̀nà ìlú náà, kí wọ́n kí àwọn àgbà tí wọ́n bá bá níbẹ̀, kí wọ́n sì dúnàá-dúrà pẹ̀lú ẹni tí yóò máa ṣọ́ máṣíìnì kí wọ́n tó gòkè, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀.

Oòrùn ọ̀sán ọyẹ́ ń jóni. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sinmi lábẹ́ igi títí di aago mẹ́ta. Wàrà tútù tàbí díndín pọ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn, agbègbè tí Adó-Àwáyè wà, iṣu sísun sì ń bẹ lásìkò yìí. Nígbà tí wọ́n bá ń gòkè: lítà omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bàtà kan náà tí wọ́n fi gun máṣíìnì, akoto nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù.

Orí òkè ni ìlú wà nígbà láéláé, kí àwọn ará Adó-Àwáyè tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni adágún Ìyàkẹ́ wà, omi tó dúró lórí àpáta. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti sọ pé méjì péré ni irú rẹ̀ láyé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Amọ̀nà yóò tún mú wọn dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, níbi tí ojú àpáta ti tẹ̀ bí ẹni pé èèyàn ló fi ẹsẹ̀ sí i. Ibi ọ̀wọ̀ ni adágún náà jẹ́ fún àwọn onílùú. Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n má da ọ̀rá omi sílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè kí wọ́n tó ya àwòrán ibi ìrúbọ.

Aago márùn-ún ààbọ̀, kí ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti wà nílẹ̀. Ìsẹ́yìn, níbi tí wọn yóò sùn sí, jẹ́ nǹkan bíi 20 kìlómítà sí ibẹ̀, ilé ìtura sì wà níbẹ̀ tó ní ọgbà fún máṣíìnì. Kí wọ́n ti sọ̀rọ̀ yàrá láti Ẹ̀gbẹ́dá. Bí ẹgbẹ́ bá dé Adó-Àwáyè lẹ́yìn aago mẹ́rin, kí wọ́n kọjá lọ sí Ìsẹ́yìn tààrà, kí wọ́n padà wá gun òkè ní àárọ̀ Sọ́ńdè.

SỌ́ŃDÈ ÀTI ÀÁRỌ̀ MỌ́ŃDÈ

Òwúrọ̀ Sọ́ńdè, kí wọ́n jẹ́ kí kùrukùru ká. Ìsẹ́yìn ni orírun híhun aṣọ òkè. Wákàtí kan lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ kì í ṣòfò, sányán tàbí ẹtù sì fúyẹ́ láti gbé sórí máṣíìnì. Aago mẹ́sàn-án, kí wọ́n ti gbéra.

Ọ̀nà méjì ló wà fún àbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀dà dídán, kó gba Ìjàyè lọ sí Mọníyà, ọ̀nà 65 kìlómítà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ṣe ní sáà ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé, kó wọ Ìbàdàn, kó sì gba Òmi-Àdìó padà sí Abẹ́òkúta. Kó má gba òpópónà Ìbàdàn sí Èkó pẹ̀lú máṣíìnì kékeré. Eré ọkọ̀ ibẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti rẹ̀, tàbí tó ní máṣíìnì tó ń kùn, kó gba ọ̀nà tó bá wá, torí ó ti mọ kòtò tó wà níbẹ̀. Èyíkéyìí tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n kọjá Sàngó-Ọ̀tà kó tó di aago márùn-ún, kí èrò àbọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ tó dí ọ̀nà pa.

Ní Mọ́ńdè, kí wọ́n fọ máṣíìnì, kí wọ́n tún fọ àsẹ́ afẹ́fẹ́, kí wọ́n fi kẹrosíìnì nu ṣéènì, kí wọ́n fi ọ́ìlì pa á. Kí wọ́n wo eyín táyà bóyá òkúta há sí i, kí wọ́n sì di gbogbo bóòtù ìtẹsẹ̀, dígí àti igi ẹrù, nítorí yangí máa ń tú wọn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó bá ti dúdú, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí máṣíìnì tó padà sẹ́nu iṣẹ́.